Ìwé tó bá ìbéèrè inú ilé yín mu: ìtọ́sọ́nà fún òbí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù

Ọmọ mi ọkùnrin ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ló ní, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tó sì ń kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Láàárín oṣù kan péré, èmi tí n kì í ka ju Bíbélì àti ìwé ìròyìn lọ ti ra ìwé márùn-ún. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham fi méjì ránṣẹ́, mo ra mẹ́ta yòókù sórí fóònù. Mo ka ọ̀kan dé ìdajì, mo ka èkejì dé orí kẹta, ẹkún ni mo fi ka ẹ̀kẹta. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó sọ ohun tí mo ń fẹ́ mọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn fún mi: kí ló dé tí ọmọ mi fi ń da ẹ̀kọ nù láràárọ̀?

Ọdún mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá tó bá bi mí ni pé kó má wá ìwé tó dára jù. Ìwé tó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí mu ni kó wá. Bí mo ṣe máa tò ó fún àbúrò ara mi nìyí, bó bá jẹ́ pé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ wá ìwé-àkọsílẹ̀ kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Fún ọjọ́ méje, nígbàkígbà tí nǹkan bá dàrú, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀lé e. Kò gbọdọ̀ gùn. Tèmi ní ọjọ́ kan kà báyìí: “Tuesday, aago méje. Màmá mi tan rédíò. Ó da ẹ̀kọ nù. Mo gbé e jáde síta.” Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo rí i pé lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, tí rédíò ò dún, ọmọ yìí ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ẹ̀kọ kò ṣe é ní nǹkan kan. Rédíò ló ń lé e kúrò nídìí oúnjẹ, èmi náà sì ń gbé e jáde síbi tó fẹ́ lọ gan-an.

Ìbéèrè mi wá yí padà. Kì í ṣe “ìwé wo ló sọ nípa ọmọ tí kì í jẹun” mọ́, ó di “ìwé wo ló sọ nípa ọmọ tí ariwo ń ni lára”. Ìwé ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé kì í yẹ ọmọ wò. Bí ọmọ yín bá wà láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún sí ọgbọ̀n, ìbéèrè ogún kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òbí lè dáhùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àmọ́ ohun tó máa sọ fún yín kò ju pé kí ẹ lọ rí dókítà tàbí kí ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ náà wò pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwòsàn UCH n’Íbàdàn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá àti èyí tó wà ní Aró l’Abẹ́òkúta ní àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti ìdàgbàsókè ọmọdé. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábàá àti Aró ń ba èèyàn lẹ́rù nítorí ohun tí àdúgbò máa sọ. Èmi náà kọ́kọ́ sọ fáwọn ará ilé pé ọjà ni mò ń lọ.

Ìwé àkọ́kọ́

Bí ẹ bá ní àyè láti jókòó kàwé, *Uniquely Human* ti Barry Prizant ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ó jáde ní 2015, àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní 2022. Prizant jẹ́ onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ tó ti bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ló sì ń tẹnu mọ́: bí ọmọ bá ń gbọn ọwọ́, tó ń to bàtà sórí ìlà, tó ń sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ, ẹ má yára bi ara yín pé báwo la ṣe máa dá a dúró. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí nìdí. Ó lè jẹ́ pé ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ lára ni, tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá yín sọ.

Orí tó sọ nípa àsọtúnsọ ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí ọmọ mi fi wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò lè sọ pé ebi ń pa òun, àmọ́ ó mọ ìpolówó èròjà ọbẹ̀ kan látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tó ń polówó náà. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá rẹ̀ tiẹ̀ máa ń ní kó sọ ọ́ fún àlejò. Lẹ́yìn tí mo ka orí yẹn, mo padà sínú ìwé-àkọsílẹ̀ mi, mo rí i pé aago kan ọ̀sán àti aago méje alẹ́ ló sábà máa ń sọ ọ́. Ebi ló ń pa á. Òun ti ń sọ fún wa láti bí oṣù mẹ́fà, àwa là ń pàtẹ́wọ́.

Bí ẹ kò bá ní àyè, tàbí bí ọkọ yín bá jẹ́ ẹni tí kì í ka ìwé tó nípọn, ẹ ra *Ten Things Every Child with Autism Wishes You Knew* ti Ellen Notbohm. Ọdún 2005 ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà kẹta jáde ní 2019. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ìyá ọmọ ni òǹkọ̀wé náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ló ń sọ ọ́, èyí tí n kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí, nítorí ó sàn kí ẹni tó ní nǹkan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ka òun nìkan parí, n kò lè bú u.

Bí ọmọ kò bá tíì sọ̀rọ̀, tó sì kéré

Ibí ni mo ti fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀, torí pé níbí ni ìwé ti lè wúlò jù fún ẹni tí kò rí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ nítòsí.

Ìwé méjì ni. Àkọ́kọ́ ni *An Early Start for Your Child with Autism* ti Sally Rogers, Geraldine Dawson àti Laurie Vismara, 2012. Ìkejì ni *More Than Words* ti Fern Sussman, tí Hanen Centre ní Toronto, Kánádà, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1999. Èyí àkọ́kọ́ kún fún ọ̀rọ̀, àwòrán pọ̀ nínú ìkejì. Bí ẹ bá máa ra ẹyọ kan péré, tó sì jẹ́ pé ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wo ọmọ lọ́sàn-án, ẹ ra ti Sussman, torí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó pàápàá lè wo àwòrán rẹ̀ kó sì ní òye.

Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí ojú ọmọ wà. Ẹ wo ohun tó ń wò. Ẹ darapọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣe dípò kí ẹ gbé tiyín lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Ìdúró yìí ló le jù fún àwa Yorùbá, nítorí àwa ni ń bá ọmọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán: “Kí wọn! Dọ̀bálẹ̀! Ṣé o ò rí bàbá ni? Sọ pé ẹ kú ilé!” Kí ọmọ tó gbọ́ ẹyọ kan, ìkejì ti dé. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kà á dé mẹ́jọ ni ọmọ mi kọ́kọ́ na ife omi sí mi láìsunkún.

Rogers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi yé wa pé eré kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ohun tí a ń ṣe gan-an, ní àyípadà díẹ̀, ní ìparí. Ẹ fi ìwẹ̀ alẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀: ẹ jọ gbé korobá wá. Ohun tí a ń ṣe: ẹ bu omi sí i lẹ́yìn, ẹ sọ pé “omi!” Ẹ tún bù ú, ẹ dúró kó wò yín kí ẹ tó dà á. Àyípadà: ẹ bù ú sí ikùn, sí ẹsẹ̀, sí ara yín. Ìparí: ẹ jọ da èyí tó kù nù, ẹ sọ pé “ó tán”. Ẹ má wulẹ̀ ra ohun ìṣeré tí ẹ bá rí nínú ìwé. Korobá tó.

Òfin mìíràn wà nínú rẹ̀ tó rọrùn: bí ọmọ bá wà lórí àkàsọ̀ kan, ẹ gùn ún ní ẹyọ kan péré. Bí kò bá tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀yin sọ ọ̀rọ̀ kan: “omi”. Bó bá ti ń sọ “omi”, ẹ sọ “mu omi”. Bó bá ti sọ “mu omi”, ẹ fi kún un: “mo fẹ́ mu omi”. Àpẹẹrẹ inú ìwé, òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, ẹ ní láti yí i padà fúnra yín. Ẹ tẹ́tí sí ohùn pẹ̀lú. Ọmọ mi kọ́kọ́ ń kùn “wá jẹun” bí orin, ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn àárín, kí ọ̀rọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kò lè sọ ìyẹn fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohùn èdè wa á gbọ́ ọ.

Lórí èdè, wọ́n sọ fún mi nílé ìwé kan pé kí n pa Yorùbá tì, kí n máa sọ òyìnbó nìkan sí i, kó má bàa dàrú. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Ìyá mi dákẹ́ nínú ilé, torí òyìnbó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí wọ́n ń gbọ́ èdè méjì kò rí i pé èdè kejì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ẹ sọ èdè tó ń jáde lẹ́nu yín láìlo agbára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston pàápàá.

Ìwé tí ẹ máa kọ fúnra yín

Carol Gray, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló dá ohun tí wọ́n ń pè ní Social Stories sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìtàn kúkúrú ni, tó ń sọ bí nǹkan kan ṣe máa rí fún ọmọ kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lè ra ìwé rẹ̀, *The New Social Story Book*, ṣùgbọ́n àwọn ìtàn inú rẹ̀ kò mọ ìsọmọlórúkọ tàbí dánfó. Ẹ kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, kí ẹ kọ tiyín. Èyí ni mo kọ fún ọmọ mi nítorí onígbàjámọ̀:

“Irun mi máa ń gùn. Bó bá ti gùn, èmi àti bàbá mi á lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Màá jókòó sórí àga gíga. Wọ́n á ta aṣọ bò mí lára. Ẹ̀rọ ìgẹrun máa ń pariwo, ó sì máa ń gbọ̀n. Ariwo náà lè má tẹ́ mi lọ́rùn. Mo lè di ọwọ́ bàbá mi mú. Bó bá parí, wọ́n á gbọn irun kúrò lọ́rùn mi, a ó sì padà sílé.”

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ pé “kò ní dùn ọ́”. Irọ́ kan péré lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àṣẹ kò sì pọ̀ níbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù náà, àga náà, ẹ̀rọ náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á fún un lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ so ẹṣin yẹn mọ́lẹ̀ ná: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń mú ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ìyá mi sọ fún un lọ́jọ́ kan pé etí òun ti kún, ó lọ mú fìtílà wá láti wo inú rẹ̀.

Ìgbẹ́, ariwo, ìbínú

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Fún kíkọ́ ọmọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìwé Maria Wheeler ni, ẹ wá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú “toilet training”. Fún ọmọ tí ariwo, aṣọ, òórùn tàbí oúnjẹ kan ń ni lára, *The Out-of-Sync Child* ti Carol Stock Kranowitz, 1998. Kì í ṣe lórí ọ́tísíìmù nìkan, àmọ́ òun ló yanjú ọ̀rọ̀ rédíò tèmi. Fún ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tó máa ń bú gbàmù, *The Explosive Child* ti Ross Greene. Àwọn tó gbà pé pàṣán ló ń wò ó sàn ni kí ẹ fún ní ti Greene kà, torí ó mú un kalẹ̀ pé ohun tí ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe la máa kọ́ ọ, kì í ṣe ohun tí a máa lù jáde lára rẹ̀.

Ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní in

Temple Grandin, tí wọ́n bí ní 1947, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni nípa ẹran ọ̀sìn ní Colorado State University. *Thinking in Pictures*, 1995, ni kí ẹ kà nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ẹ má kà á kí ẹ wá máa dúró de ọjọ́ tí ọmọ yín máa di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ kà á nítorí bó ṣe ṣàlàyé bí ariwo ṣe ń rí létí rẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di àwòrán lọ́kàn rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Morénike Giwa Onaiwu. Ará Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ó sì bí ọmọ tó ní in. Ó wà lára àwọn olóòtú *Sincerely, Your Autistic Child*, 2021, níbi tí àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù ti ń bá òbí sọ̀rọ̀. Bí ọmọ obìnrin ni tiyín, ẹ má fò ó, torí àwọn ọmọbìnrin a máa fi tiwọn pa mọ́ débi pé olùkọ́ á kàn pè wọ́n ní onítìjú.

Wọ́n máa dárúkọ *The Reason I Jump* fún yín pẹ̀lú. Naoki Higashida, ará Japan, ló ni ín, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó kọ ọ́. Ẹ̀dà òyìnbó jáde ní 2013. Ó dùn. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wà lórí bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ìdáhùn ọmọ yín.

Èyí tí ẹ máa dá padà sórí àtẹ

Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kí ẹ tó sanwó, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn olówò ìwé àlòkù. Ní 1967, Bruno Bettelheim kọ *The Empty Fortress*, ó di ẹ̀bi ru ìyá: òtútù ọkàn ìyá ló fà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti kọ ìwé tó fi hàn pé inú ara ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Tiwa náà ní ẹ̀dà ẹ̀bi yìí. Wọ́n bi mí bóyá mo rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún. Wọ́n ní ẹmèrè ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, èmi náà ń gbà á; àmọ́ ìwé pẹlẹbẹ tó bá ní kí ẹ febi pa ọmọ tàbí kí ẹ nà án kí nǹkan lè jáde lára rẹ̀, ẹ má mú un wọlé.

Ìwé tó bá ní àjẹsára ló fà á ń tẹ̀ lé ìwádìí dókítà Andrew Wakefield tí *The Lancet*, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, tẹ̀ ní 1998, tí wọ́n sì fagi lé ní 2010. Èyí tó bá sì ṣèlérí ìwòsàn, ẹ sá. Ní 2019, Amazon yọ ìwé kan kúrò lórí àtẹ rẹ̀ tó ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe máa fún ọmọ ní *chlorine dioxide*, tí í ṣe kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó nǹkan funfun.

Ọ̀nà tí owó fi máa dínkù

Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ kí ẹ tó wo àwọn ọ̀fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Caregiver Skills Training, fún òbí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni pẹ̀lú àbẹ̀wò ilé mẹ́ta, àwọn ìwé rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ fún ibi tí dókítà kò ti pọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n kọ ọ́ fún wa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọ́tísíìmù ní Amẹ́ríkà, ASAN, náà ní *Start Here* fún òbí, PDF ọ̀fẹ́, òyìnbó rẹ̀ kò sì le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, káàdì láíbìrì àdúgbò yín lè yá yín ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí lórí Libby, áàpù tí àwọn láíbìrì fi ń yá èèyàn ní ìwé lórí fóònù.

Ọ̀pọ̀ ìwé Amẹ́ríkà ló ní orí gígùn lórí IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kọ sílẹ̀ fún ọmọ kan pàtó, ti England sì ní tirẹ̀ lórí EHCP, ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú ọmọ. Bí ibẹ̀ lẹ ń gbé, orí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí òfin tó máa gba ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ yín nílé ìwé ni. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà, ẹ fò ó. Òfin tiwa tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, dárúkọ ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan, kí ẹ gbé e dání lọ sípàdé pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé.

Bí ìwé bá ti dọ́wọ́ yín

Ẹ má kà á láti ojú ìwé kìíní. Ẹ lọ síbi àkóónú, ẹ mú orí kan tó bá ìbéèrè inú ìwé-àkọsílẹ̀ yín mu, ẹ yan ohun kan ṣoṣo láti gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá yí nǹkan kan padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ẹ ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta sókè ní Yorùbá fún ẹni tó ń wo ọmọ bí ẹ ò bá sí nílé. Ẹ má fún olùkọ́ ní odindi ìwé, kò ní kà á. Ẹ ká etí ojú ìwé mẹ́ta mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ki pẹ́ńsùlù sáàárín rẹ̀. Olùkọ́ ọmọ mi dá ti Prizant padà lẹ́yìn oṣù méjì. Epo pupa wà lára èèpo rẹ̀, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù yẹn kọ orúkọ ọmọ méjì mìíràn nínú kíláàsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àsọtúnsọ, pẹ̀lú àmì ìbéèrè.